Ìlẹ̀kẹ̀ Kẹtàlélógún

Ìlẹ̀kẹ̀ kẹtàlélógún ní ọkàn méjì.

Jọmilójú fi etí ìró nu ojú dígí tó fi ń ka ìlẹ̀kẹ̀, ó tún un wò. Ìlà tó ń fi lílù ọkàn hàn ń rìn jẹ́jẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, bí ọkàn àgbàlagbà ṣe ń rìn. Nígbà tó di agogo mẹ́fà àárọ̀, ó yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yára, ó sì le, bíi ti ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọkàn àgbà tún dé. Ìyá tó ni ìlẹ̀kẹ̀ náà ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Kò sí ìyá àgbà kan tó ń di ọmọge láàárọ̀, kó sì tún darúgbó kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán.

Ó ṣí ìkẹrìnlélógún. Ọkàn méjì. Ó ṣí ìkọkàndínlógójì. Ọkàn mẹ́ta.

Ó gbé dígí náà lé itan. Ilé ń mì lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí gbogbo ilé ní Ìdí-Òpó ṣe ń mì látìgbà tí òkun ti gba ilẹ̀, tí wọ́n sì to ìlú sórí àgbá ike. Ọjọ́ yìí ló pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí àwọn ọgọ́ta ènìyàn ti so ìlẹ̀kẹ̀ tó ń ka ọkàn mọ́ ọwọ́. Lọ́sàn-án òní ni dókítà ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá gbà á.

Nínú yàrá kejì, bàbá rẹ̀ ń gbìyànjú láti dìde. Ó gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹsẹ̀ bàbá náà méjèèjì ti wú. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ojú ìka á dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n tẹ òkèlè púpùrú. Àrùn iyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Omi òkun ló wọ kànga, iyọ̀ ló wọ ara, kíndìnrín ló ń jìyà rẹ̀. Òògùn rẹ̀ wà. Kò tilẹ̀ jìnnà. Ó wà nínú àpótí òògùn ní èbúté, lẹ́yìn gíláàsì tí ọmọdé pàápàá lè rí i. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni bàbá yìí ń gbé ara rẹ̀ lọ síbẹ̀, tó ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí náà, tí ohùn kan á sì dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù pé, "A kò tíì mọ irú ara yín. Ẹ má bínú." Á ní kò burú, á sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ padà.

Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan wà tí wọ́n gbé òògùn tí wọ́n dán wò lára àwọn ará ibòmíràn wá fún àwọn ará etíkun, tí wọ́n sì sin òkú títí tí apá fi ro wọ́n. Láti ọjọ́ náà, àpótí kankan kò gbọdọ̀ ṣí fún ìlú tí kò bá tíì fi ọgọ́ta ara hàn án fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í wá wò ni òfin náà tì síta jù.

Jọmilójú ló wá wọn wá. Ọmọ Ìdí-Òpó ni, ó ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn, ó sì padà wálé nítorí bàbá rẹ̀. Ilé ìwádìí Ìbàdàn fún un ní ìwé kan pé kó kà á fún àwọn ènìyàn. Ìwé náà ń sọ nípa àjọṣepọ̀ tó gbámúṣé àti ọjọ́ ọ̀la tó dán mọ́rán. Ó ka ìlà méjì ní èbúté, ojú àwọn ọkùnrin ti ń pa dé. Màmá Arówólò, olórí àwọn obìnrin ayanja, bi í léèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ gan-an. Jọmilójú ká ìwé náà, ó jókòó lé e.

"Wọn ò mọ bí ara yín ṣe ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Nítorí pé wọn ò mọ̀ ọ́n, àpótí yẹn ò ní ṣí. Wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí máa wà lọ́wọ́ yín fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ó lè yún yín. Bó bá sú yín, ẹ bọ́ ọ, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Iná ò gbọdọ̀ kàn án, nítorí iná á bà á jẹ́. Kò sì gbọdọ̀ wà láìsí lára ènìyàn, torí á sùn."

Kí ọjọ́ náà tó ṣú, ọgọ́ta ti pé. Ẹnì kan ṣoṣo ni Jọmilójú dá padà, Sènamì, obìnrin Ègùn tó fẹ́ ọmọ ìlú náà. Jọmilójú ti ní ọmọ bíbí Ìdí-Òpó ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, àwọn àgbà sì gbà. Ó sọ fún un pé kó ní sùúrù, ìgbà mìíràn ń bọ̀. Sènamì ní ó dáa, ó bá tirẹ̀ lọ. Jọmilójú kò tún rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Láàárọ̀ òní yìí, ó wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré rẹ̀, ó wà á lọ sí ibi ìyanja láti béèrè ọ̀rọ̀ ọkàn méjì náà.

Ibi ìyanja dá dúró sójú omi, ó jìnnà sí ilé nítorí iná. Àwọn dígí ńláńlá ń kó oòrùn jọ sínú àgbá irin, èéfín èèpo àgbọn sì ń jáde lókè. Ó tó obìnrin mẹ́rìnlá tó wà nídìí iṣẹ́. Bí wọ́n ti rí i ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní ìyàwó ìlẹ̀kẹ̀ ti dé. Òmíràn ní kí wọ́n fún un ní ẹja kó jẹ kó lè sanra, torí pé ọkọ tó fẹ́ yìí kì í ṣe ju kó máa ka ọkàn ènìyàn lọ.

Jọmilójú wo ọwọ́ wọn. Àwọn mẹ́rìnlá yìí, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan.

"Màmá," ó pe Màmá Arówólò, "ìlẹ̀kẹ̀ yín dà?"

Màmá náà, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ń yí ẹja láìwo ojú rẹ̀. "Ó wà lọ́wọ́ Ìyá Fadérera."

"Kí ló ń ṣe lọ́wọ́ Ìyá Fadérera?"

"Ìwọ lo ní iná ò gbọdọ̀ kàn án. Ìwọ náà lo ní kò gbọdọ̀ sùn. Báwo lo ṣe fẹ́ ká yan ẹja?" Màmá gbé ojú sókè wàyí. "Àáró la fi ṣe é. Lónìí mo wà nídìí iná, ó bá mi wọ tèmi. Lọ́la òun ló máa wà nídìí iná, màá bá a wọ tirẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́, ìlẹ̀kẹ̀ kan ò sùn."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí pé kí wọ́n kí òun. Ẹ̀tọ́ sì ni, torí láyé àwọn ìyá wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo ohun tó bá wúwo fún ẹnì kan. Wọ́n á ṣe tìrẹ lónìí, wọ́n á ṣe tèmi lọ́la. Ìlẹ̀kẹ̀ wúwo, wọ́n sì bá ara wọn gbé e.

Jọmilójú dorí apẹ̀rẹ̀ kan kodò, ó jókòó lé e. Ó mọ ohun tó lè ṣe. Ẹ̀rọ Ìbàdàn kì í yẹ ìlẹ̀kẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ńṣe ló ń da ọgọ́ta pọ̀ bí ẹni da gàrí sínú àpò. Bí òun kò bá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, àpótí á ṣí fún bàbá òun. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ bá rí nínú ìlẹ̀kẹ̀ ló máa fi wọn òògùn. Bó bá ka ọkàn ọ̀dọ́ mọ́ ti àgbà, ìwọ̀n ọ̀dọ́ ló máa fún àgbà. Fún àgbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀, ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ á ṣe é léṣe.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Kò fi ohunkóhun pamọ́. Ariwo bẹ́. Ọ̀kan bi í pé ṣé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ti wọ omi nìyẹn. Òmíràn ní bó bá jẹ́ pé ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ara kálukú ni wọ́n fẹ́ kà, àwọn ò bá ti jókòó sílé. Òótọ́ ni, kò sọ ọ́. Ó rò pé ohun tí ojú rí ni, kò nílò àlàyé. Ó gbà pé òun ló jẹ̀bi.

Màmá Arówólò fọwọ́ sókè, ariwo náà lọ sílẹ̀.

"Bó o bá pa á mọ́ra," ó bi í, "ta ló máa kú?"

"A ò mọ̀, Màmá. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin."

"Bó o bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á ní ká tún un ṣe. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ mìíràn. Bàbá mi ò ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ nílẹ̀."

Ẹja ń sè nínú òróró ara rẹ̀, èéfín ń lọ.

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Màá sọ ọ́."

Màmá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ní kí wọ́n pa dígí oòrùn dé, kí wọ́n sì pa iná. Ìgbà tí wọ́n ń sin ọkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti pa iná lójú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Dókítà Ọlátẹ́jú dé ibi ìyanja nígbà tí oòrùn kan àtàrí, nínú ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀. Obìnrin tín-ín-rín ni, ó rẹ̀ ẹ́, òòyì ọkọ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Jọmilójú kò jẹ́ kó jókòó tán kó tó sọ fún un. Dókítà náà gba dígí, ó wo ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin, ó fọwọ́ bo ojú. Ó ní ìlú méjì mìíràn ti bà jẹ́ lọ́dún yìí, òun sì ti ń yọ̀ pé Ìdí-Òpó nìkan ló kù tó dáa. Ó ní wákàtí tó sọnù kì í pa ìwádìí. Ọkàn ẹlòmíràn tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín ló ń pa á. Òfin ò ní gbà á.

"Ta ló sọ pé a ò mọ ẹni tó ni ín?" Màmá Arówólò bi í.

Dókítà wò ó.

"Àáró ni, ọmọ mi. Bó o bá gbàgbé ẹni tó bá ọ ṣiṣẹ́, àáró ti tú nìyẹn. Mú èyí tó wù ọ́, kó o bi mí."

Dókítà kọ́kọ́ fi ojú bí ẹni tó ń ṣàánú àgbà wò ó. Ó wá ní ó dáa, ìlẹ̀kẹ̀ kẹtàlélógún, ọjọ́ kẹfà. Màmá ní ìyẹn bọ́ sí ọjọ́ kejì ọjà, Ìyá Mofẹ́ ló ni ín, aya ọmọ rẹ̀ ló bá a wọ̀ ọ́ láti ìdájí títí wọ́n fi pa iná. Wọ́n pe aya ọmọ náà, wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ òfìfo mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n fi ọkàn rẹ̀ wé ti ọjọ́ náà. Òun ni. Dókítà mú òmíràn, ọjọ́ kọkànlélógójì. Màmá ní òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, dígí ò rí oòrùn kó, ẹnikẹ́ni ò yanja, kálukú wọ tirẹ̀. Dígí sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Nígbà tó yá, Màmá nìkan kọ́ ló ń kà á mọ́. Bó bá dé ibi kan, ẹni tó wọ̀ ọ́ á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà kún un: ọjọ́ tí ẹja ọ̀bọ̀kún bọ́ lọ́wọ́ lágbájá, ọjọ́ tí wọ́n jà sí àgbọn. Dókítà Ọlátẹ́jú ti bọ́ bàtà. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, ó ń kọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì lè yára tó ẹnu wọn. Ó sọ fún Jọmilójú pé láti ọdún mọ́kàndínlógún tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò rí ìwé tí wọ́n tọ́jú tó èyí rí, kò sì sí bébà kan níbẹ̀.

Wọ́n ń bá a bọ̀ títí wọ́n fi dé ìkọkàndínlógójì, ti Ìyá Bọ́láńtà. Níbẹ̀ ni Màmá Arówólò ti dákẹ́.

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko ni ọkàn kan fi wà níbí," Dókítà wí, "tọ̀sán tòru. Kì í sì í ṣe ti ẹnì kankan nínú ọgọ́ta."

Àwọn obìnrin ń wo ilẹ̀. Ìyá Bọ́láńtà ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́ apá tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bímọ ní Òkìtìpupa, ó lọ wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rù bà á pé bí òun bá gbé ìlẹ̀kẹ̀ lọ sí ibi tí omi dídùn wà, á purọ́ fún ẹ̀rọ. Ó bá fi í sílẹ̀ nílé. Dókítà mi orí. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni òfin yọ̀ǹda. Ìyá Bọ́láńtà ti jáde, ó ku mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Òfin kò sì mọ mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Jọmilójú gbọ́ nọ́ńbà náà bí ìgbà tí ilẹ̀kùn tì. Ẹnì kan ṣoṣo. Ó ronú kan bàbá rẹ̀ tó ń ní kò burú, tó ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ padà.

"Ta lẹ fi sílẹ̀ fún?" ó bi Ìyá Bọ́láńtà.

Ìyá Bọ́láńtà wo Màmá Arówólò. Màmá ló dáhùn. Ó ní àwọn ò fẹ́ sọ ọ́ torí Jọmilójú ti ní kò sí lára ìwé, àwọn sì rò pé bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ nù. "Sènamì ni. Kì í yanja, àgbá ló ń tún ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ò kan iná. Ẹni tí kò bá rí ẹni tó máa bá a wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń sáré lọ. Ojoojúmọ́ ni."

Dókítà ti ń tẹ dígí. Ó mú ọkàn kan ṣoṣo yẹn, ó ní kí ẹ̀rọ wá a nínú gbogbo ìlẹ̀kẹ̀. Ó wà nínú mọ́kànlélógójì. Wákàtí mẹ́fà níbí, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n tò ó pọ̀, ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Òfin kò béèrè ju wákàtí mẹ́fà lọ lóòjọ́.

"Ṣùgbọ́n Ègùn ni," Jọmilójú wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wọn ò bí i síbí."

"Níbo ni wọ́n ti ní kẹ́ ẹ béèrè ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí?" Dókítà bi í. "Omi tó ń mu ni òfin ń béèrè."

Ìwé kò sọ ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí lóòótọ́. Jọmilójú ló sọ ọ́.

Jọmilójú bá Sènamì lẹ́yìn ilé rẹ̀, tó dúró nínú omi dé ìbàdí, tó ń lẹ ojú àgbá kan tó la. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Òkun ló gbé ìlú bàbá rẹ̀ lápá Àgbádárìgì kó tó di ìyàwó wọn níbí.

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀," Sènamì kí i, bí ìyàwó ṣe ń kí ọmọ ọkọ.

Jọmilójú ṣàlàyé. Ó sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ti wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ wọn, pé òun ló kù kí ọgọ́ta pé.

Sènamì kò tíì jáde nínú omi. "Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ ti fi kà mí," ó wí. "Ìgbà wo lẹ fẹ́ bi mí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Jọmilójú lára. Ó lè dárúkọ bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Ó gbé e mì, torí ẹni tí èèyàn bá fi aláìsàn dì lọ́wọ́, ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè sọ pé rárá mọ́.

Ó ká ìró sókè, ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi, ó dúró níwájú rẹ̀. "Ìyàwó, mo dá ọ padà nígbà kan, kò sẹ́ni tó rán mi. Èmi ni mo ṣe é, kò sì dáa. Mo wá bi ọ́ báyìí. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ka ara rẹ? Wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀. Bó o bá ní rárá, Dókítà á pa gbogbo tìrẹ rẹ́ kó tó kúrò níbí, mi ò sì ní bínú."

Sènamì tẹ ojú àgbá náà títí gọ́ọ̀mù fi mú. "Bàbá yín ńkọ́?"

"Mi ò fi bàbá mi bi ọ́."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo béèrè." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí wọ́n kọ ọ́ pé Ègùn. Kí wọ́n má kọ ọ́ pé ọmọ Ìdí-Òpó. Àwọn ènìyàn mi wà kiri lórí omi, àpótí kankan ò mọ̀ wọ́n. Ó kéré tán, kó ti mọ ẹnì kan."

"Wọ́n á kọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ ká gòkè nígbà náà."

Nígbà tí oòrùn ń wọlẹ̀ lọ, gbogbo ìlú ti dúró sí èbúté. Dókítà to ìlẹ̀kẹ̀ sínú àwo àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé Màmá Arówólò ló fi ya ọkàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tó fi ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ Sènamì sí i, ó kà á sókè pé ọgọ́ta.

Wọ́n ti gbé bàbá Jọmilójú wá lórí àga. Wọ́n ní kó tẹ́ ọwọ́. Ó wo àpótí náà, ó wo Sènamì.

"Ìyàwó ni kó kọ́kọ́ tẹ́ ẹ," ó wí. "Èmi ti mọ ohun tó máa ń sọ fún mi. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ fún un."

Sènamì nu gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e. Àpótí náà dákẹ́ pẹ́. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Jọmilójú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka èémí bàbá rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Sènamì," ohùn náà wí. "A mọ irú ara yín. Kò sí àrùn iyọ̀ lára yín. Ta ló kàn?"

Sènamì sún kúrò fún bàbá náà. Bàbá tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ti wú síbi tí ti Sènamì ti kúrò, gíláàsì náà sì ṣí.